Àwọn àrọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì jẹun: kí lẹ máa ń ṣe sí i?

Ọmọ Adó: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Táǹkì tápólì kan, 500 ọmọ àrọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí fíìdì, ìyẹn oúnjẹ ẹja, bá ti kan omi báyìí, bí ogún nínú wọn ló ń gba gbogbo ẹ̀. Àwọn kéékèèké á sá wọ ìsàlẹ̀. Fíìdì ti pọ̀ sí i, kò yí nǹkan kan padà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́: Àbúrò, má fi kún un mọ́. Àwọn ogún yẹn ni à ń pè ní ṣútà, àwọn tó yára dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Bí ẹnu ọ̀kan bá ti lè gba orí èkejì, ó ti di oúnjẹ fún un nìyẹn, kò sí iye fíìdì tó lè yẹ̀ ẹ́. Ṣà wọ́n kúrò. Má ṣe fún wọn lóúnjẹ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ẹja tó yó máa ń bì bí a bá ń gbé e kiri. Ní òwúrọ̀ kùtù, fa omi sílẹ̀ dé orúnkún, fi àwọ̀n rírọ̀ kó wọn sínú báàfù tí a lu ihò sí nídìí, kó o gbé báàfù náà lé orí omi. Àwọn kéékèèké á gba ihò bọ́ sísàlẹ̀, àwọn ńlá á dúró. Má fún wọn lóúnjẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì la máa ń ṣe é.

Ìjerò Lọmọ: Ẹ ṣé, mà. Báwo ni ihò náà ṣe tóbi tó?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́: Orí ẹja ni kẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ má wo gígùn rẹ̀. Orí àrọ̀ ló fẹ̀ jù lára rẹ̀, egungun ni. Ẹ mú ọ̀kan tó wà láàárín, kí ihò ṣe déédéé orí ẹ̀. Irin gbígbóná lẹ ó fi lu ú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha etí ihò náà kó jọ̀lọ̀. Àrọ̀ ò ní ìpẹ́. Bí ike bá ha á lára, ojú egbò yẹn ni àìsàn ń gbà wọlé.

Bàbá Olómi Èfọ̀n: Òótọ́ ni ìyá sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń da oúnjẹ náà. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, àwọn ọ̀gá ló ni ojú yẹn. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ sí igun kan, kí àwọn olójúkòkòrò ya lọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rìn yípo kẹ́ ẹ wọ́n ìyókù sí apá kejì. Bí hóró fíìdì náà ṣe tóbi tó ńkọ́? Bí ẹ bá ra èyí tó bá ẹnu àwọn ńlá mu, àwọn kékeré á kàn máa tọ́ ọ wò ni, wọ́n á tu ú dànù.

Ọmọ Adó: 2mm ni, bàbá.

Bàbá Olómi Èfọ̀n: Ẹ gba 1.5mm fún àwọn kéékèèké. Ká ní 10g ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 500 jẹ́ 5kg. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn ni oúnjẹ wọn lójúmọ́, ìyẹn 250g. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ohun tí wọn ò bá jẹ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dín in kù nígbà tó ń bọ̀.

Ẹlẹ́ja Ọ̀mùò: Ẹ lo fíìdì tó ń rì, gbogbo wàhálà yìí á tán. Àwọn kéékèèké á jẹ ní ìsàlẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́: Mi ò gbà. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ṣẹ́ kù? Á jẹrà síbẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ẹja á dẹ́kun jíjẹ, ẹ ó sì máa pariwo pé àìsàn ni. Èyí tó ń léfòó ni ojú ń rí.

Ẹlẹ́ja Ọ̀mùò: Owó rẹ̀ ńkọ́, mà? Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè rà á.

Bàbá Olómi Èfọ̀n: Ẹ má jà. Irùngbọ̀n àrọ̀ ló fi ń wá oúnjẹ, kò nílò ojú. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, èyí tó ń rì ṣeé lò, díẹ̀díẹ̀, níbi tí omi ò ti jìn. Àárọ̀, ẹ lo èyí tó ń léfòó. Àmọ́ nígbà ọyẹ́, bó ṣe máa ń tutù lórí òkè Èkìtì níbí, ẹ má ṣe fún wọn ní kùtù. Ẹ jẹ́ kí oòrùn ta sómi, kẹ́ ẹ sì dín in kù. Inú ẹja tí òtútù mú kì í tètè da oúnjẹ.

Ọmọ Ìdó: Àwọn tó kó epìyà mọ́ àrọ̀ nínú táǹkì kan náà ńkọ́?

Ìjerò Lọmọ: Epìyà máa ń yára lójú omi lọ́sàn-án. Wọ́n ní kó jẹ tirẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí àrọ̀ jẹ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Àrọ̀ ò gbọdọ̀ tóbi ju epìyà lọ, á gbé e mì.

Ọmọ Adó: Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ogún tí a bá ṣà, ṣé wọ́n lè wà pa pọ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́: Wọ́n lè wà, ara wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n fi àwọ̀n bo ojú táǹkì yẹn, kó o so ó mọ́lẹ̀ yí ká. Wọ́n máa ń fò jáde lóru.