Ẹ gbà mí o, ṣé ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta ni Ìbarà wà ni àbí ti Àríwá?

Ìyá Ọpẹ́: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọmọ mi fẹ́ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ọjọ́ sì ti ń lọ. Ọkùnrin kan tó ní òun mọ̀nà gba ₦15,000 lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti kúrò l'Ékòó. Mo dé Kútọ̀, òjò pa mí, ọlọ́kadà tún já mi síbi tí mi ò mọ̀. Ọkùnrin yìí wá kọ Àríwá Abẹ́òkúta sórí fọ́ọ̀mù! Ìbarà nìyẹn o! Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní kí n lọ bi àwọn àgbà. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìtòkú: Gúúsù ni, kò ní àríyànjiyàn nínú. Ààfin Olúbarà ńkọ́? GRA ńkọ́? Aké ni ọ́fíìsì Gúúsù, Àkómọ́jẹ ni ti Àríwá. Ẹ gba owó yín.

Ọmọ Lísàbi: Gúúsù àbí Àríwá, Ẹ̀gbá ni gbogbo wa. Ní 1830 tí Ṣódẹkẹ́ kó wa dé abẹ́ Olúmọ, ta ló béèrè fọ́ọ̀mù?

Ọmọ Yewa: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó Ìbarà mọ́ Ẹ̀gbá. Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrà lẹ jẹ́, Òwu wá bá yín lẹ́yìn. Yewa ni Ìbarà.

Ọmọ Lísàbi: Ìbarà ni àna mi. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ọmọ Yewa: Ṣé ẹ bi wọ́n ni?

Bàbá Lafẹ́ńwá: Nígbà ti àkọ́bí mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí n tó rí i gbà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹni tó ń fọwọ́ sí i ti lọ síbi òkú. Ẹ gba owó yín, màdáámù.

Àǹtí Ṣadé: Ìyá Ọpẹ́, bàbá ọmọ ńkọ́? Agboolé wo ni wọ́n? Ẹ sọ ti òjò, ẹ sọ ti ọ̀kadà, ẹ ò sọ èyí tó ṣe kókó.

Ìyá Ọpẹ́: Ọdún mẹ́rin rèé tí bàbá ọmọ ò gbé fóònù mi. Mi ò tìtorí ẹ̀ wá síbí. Mo mọ Ìbarà, ibẹ̀ la ti ṣègbéyàwó. Ọ̀rọ̀ owó mi ni mo ń bá yín sọ.

Àǹtí Ṣadé: Ẹ má bínú. Kí lẹ ní kó kọ síbi orúkọ ìlú gan-an?

Ìyá Ọpẹ́: Ohun tó wà nínú ìwé ìsìnkú bàbá ọkọ mi ni: Ìbarà Orílé. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni? Mo rò pé wọ́n fi orílé yẹn kì wọ́n ni.

Ọmọ Yewa: Háà! Ìlú ọ̀tọ̀ ni! Ibẹ̀ ni wọ́n wà kí ogun tó tú wọn wọ Abẹ́òkúta. Abẹ́ Àríwá ló wà. Ìbarà tó wà nígboro ni ti Gúúsù. Ọkùnrin yẹn ò ṣì í kọ o.

Ọmọ Ìtòkú: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n ₦15,000 ṣì ti pọ̀ jù.

Ìyá Ọpẹ́: Mo ti bú u tìyá-tìyá. Mo tiẹ̀ ti ní màá fi ọlọ́pàá mú un. Ọpẹ́ fúnra ẹ̀ ló máa pe bàbá ẹ̀, kó bi í bóyá Orílé ni lóòótọ́. Ẹ ṣé.

Ọmọ Lísàbi: Ìyá Ọpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà ọkùnrin yẹn ránṣẹ́. Mo ní ọmọ méjì tó fẹ́ gba tiwọn.