Ó tàn, ṣùgbọ́n kò gbéra

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti ìgbà tí a bá ti tẹ bọ́tìnnì títí ètò ńlá tó ń darí rẹ̀, Windows tàbí Linux, yóò fi jókòó dáadáa, èyí tí Òyìnbó ń pè ní boot. Ẹnìkan dábàá "tan", ẹnìkejì ní "jí" ló dáa, ẹnìkẹta ní ká kọ "búùtù" sílẹ̀ ká sinmi. Èmi tí mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ fi tèmi kún un, torí mo ti rí wàhálà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ yìí ń dá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé láptọ́ọ̀pù wá láti Àgọ́-Ìwòyè. Háàdì dísíìkì inú rẹ̀ ti kú. Ọmọ àbúrò wọn wá bá wọn fi Linux sórí fíláàṣì, ó ní kí wọ́n ṣáà ki fíláàṣì náà bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tàn, fáànù ń fẹ́, ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri, ìlà funfun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: No bootable device, ìyẹn ni pé kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe é. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ń tàn o, kò kàn wọlé ni."

Gbólóhùn yẹn ti dá ẹjọ́ "tan". Ọ̀rọ̀ iná ni "tan". Ẹ̀rọ tí kò bá tàn, ṣájà àti bátìrì ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tó bá tàn tó wá dúró gbagidi, ibòmíràn ni àrùn rẹ̀ wà. Tí a bá fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì, oníbàárà á pè mí lórí fóònù pé ẹ̀rọ òun kò tàn, màá gbé ṣájà dání lọ bá a, iná ni màá bá tó ń tàn yòò.

"Jí" dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, ó sùn. Ẹ ṣí i, ó jí, ibi tí ẹ bá iṣẹ́ dé náà lẹ ó bá a. Èyí tí a pa pátápátá kò sùn rárá, àtilẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. "Wọlé" tí ìyá tíṣà lò náà, àwọn èèyàn ti ń lò ó fún kéèyàn fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọ àkáǹtì rẹ̀. Ní ti "búùtù", ẹ dé gárééjì èyíkéyìí kí ẹ ní búùtù lẹ fẹ́, ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n á ṣí fún yín kí ẹ kó ẹrù sí.

Ẹnìkan fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbí pé ẹ̀rọ ìtumọ̀ kan pè é ní "bàtà". Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rọ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Bootstrap ni wọ́n gé kúrú, ìyẹn awọ kékeré tó wà lẹ́yìn bàtà gígùn tí a fi ń fà á wọ̀. Àwọn Òyìnbó a máa fi pa àṣà nípa ẹni tó di awọ bàtà ara rẹ̀ mú, tó fi gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà rí i pé ìṣòro tiwọn jọ èyí: ètò ló ń ka ètò sínú mẹ́mórì, ta ni yóò wá ka ti àkọ́kọ́? Wọ́n fi ètò kékeré kan sínú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́, BIOS láyé àtijọ́, UEFI lóde òní. Kékeré yẹn ni yóò fa èyí tó tóbi jù ú lọ wọlé, ìyẹn náà á fa ńlá.

Gbé ara. Gbéra. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ohun tí Òyìnbó lọ wá lọ sídìí bàtà, ó ti wà lẹ́nu wa. Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé a kì í gbéra lófuurufú, ibì kan la ti ń gbéra. "Níbo lẹ ti gbéra?" "Ìpẹru ni." Ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà ń bi ara rẹ̀ nìyẹn gan-an tó bá ti tàn: níbo ni kí n ti gbéra? Ìtò kan wà tó ń tẹ̀ lé, háàdì dísíìkì, fíláàṣì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá jẹ́ háàdì dísíìkì ló ṣíwájú, tí ara rẹ̀ sì dá, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ti gbéra, kò tiẹ̀ ní bojú wo fíláàṣì, àfi kí ẹ tètè tẹ F12 (F9 tàbí Esc ni ti àwọn mìíràn) kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín yàn án.

Mo kọ́kọ́ pe ibi tí à ń yàn yẹn ní "ibùgbéra", bíi ibùsùn, bíi ibùjókòó. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kọ ọ́ sórí pépà fún ìyá tíṣà kí wọ́n lè máa rántí. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á: "Ibùgbé... ra? Ta ló fẹ́ ra ilé?" Mo gba pépà, mo fagi lé e, mo kọ "ibi ìgbéra". Kò já fáfá tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò fi ra ilé.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé, òun ló fa àìsàn ẹ̀rọ yẹn. Mo ki fíláàṣì wọn bọ kọ̀ǹpútà tèmi, fáìlì kan péré ni mo bá níbẹ̀, .iso ló gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹní ṣe ẹ̀dà fọ́tò. Àgbà kan níbí ti ní "ṣe ẹ̀dà" tó fún èyí àti fún ohun tí Rufus àti balenaEtcher, àwọn ètò tí a fi ń gbé irú fáìlì yìí sórí fíláàṣì, ń ṣe. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò tó, ìyàtọ̀ yẹn ló ń kó àwọn èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Odidi dísíìkì ló wà ní dídì nínú fáìlì .iso. Ẹni tó kàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì dà bí ẹni tó gbé àpò gàrí Ìjẹ̀bú tòun ti okùn ẹnu rẹ̀ sínú ike, tó wá ń fi kọ́ọ̀ngò ha inú ike. UEFI dé orí fíláàṣì, ó ń wá fódà EFI/BOOT àti fáìlì BOOTX64.EFI nínú rẹ̀. Inú àpò ló wà, UEFI kì í sì í tú àpò. Nítorí náà, "tú" ni mo dábàá: tú ISO sórí fíláàṣì. Ẹni tó bá ti gbọ́ "tú" ti mọ̀ pé ohun kan wà ní dídì.

Mo tú u. Ẹ̀rọ rí fíláàṣì wàyí, ó tún kọ̀: Secure Boot ni. Ẹnìkan ti pe èyí ní "ìgbéra aláàbò". N ò fara mọ́ ọn. Tí àwọn oníbàárà bá ti gbọ́ "ààbò", wọ́n á rò pé fáírọ́ọ̀sì ló ń pa, wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Òǹtẹ̀ ló ń wò. Ètò tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ dìde gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ tí ẹ̀rọ mọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò padà sẹ́yìn. Láti ìgbà Windows 8 lọ́dún 2012 ló ti pọ̀ lórí àwọn kọ̀ǹpútà, Linux tí ọmọ yẹn sì yàn kò ní òǹtẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, a mọ irú ẹni tó ń yẹ nǹkan wò kó tó kọjá bẹ́ẹ̀. Kó tó di ogun Ìmàgbọ̀n tí Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà lọ́dún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú ló ń ṣọ́ ọ̀nà tó ti etí òkun lọ sókè, ẹrù kì í dédé kọjá. "Oníbodè" ni mo dábàá fún Secure Boot. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní oníbodè ń gba owó, Secure Boot kì í gbà. Ó dáa, oníbodè tí kì í gba owó ni. Mo ní kó lọ sinmi díẹ̀, láptọ́ọ̀pù sì gbéra.

Ẹni tó ní "gbéra" ti sún mọ́ "gbéraga" jù, ọ̀gá mi, "jókòó" náà sún mọ́ "jó", a ò tíì rí ẹni tó ti ìdí ìyẹn jó lórí àga.

Àléébù kan ṣoṣo ni mi ò tíì rí ojútùú sí. Níjẹta, mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ bá oníbàárà kan ní Ṣàgámù. Nígbà tó yá ló pè mí: "Ọ̀gá, kò tíì gbéra o, ó ti lé ní wákàtí kan." Mo ní kí ló dé tí kò sọ̀ kalẹ̀ kó lọ wọ mọ́tò mìíràn.