Ẹ̀yin oní páálí (ìwé ìrìnnà) ìlú méjì, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ìlódè:
London ni wọ́n bí mi sí ní 1975, ẹ̀kọ́ ni bàbá mi lọ kọ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí tí wọ́n gbé mi padà sí Ifẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìbí yẹn já mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tọrọ físà Ìlú Ọba. Ìkejì, wọ́n kọ̀, wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé màá padà wálé. Ìgbà tí a sin bàbá tán la rí ìwé ìbí mi nínú páálí bàtà rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, eku ti jẹ etí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kí 1983 tó wọlé, ọmọ ìlú wọn ni, àfi ọmọ aṣojú ìjọba. Èmi tí wọ́n kọ físà fún! Ó ń dùn mí dòní.

Ìyá Ìbejì Lágéré:
Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Àwọn ọmọ yín ńkọ́?

Ọmọ Ìlódè:
Ifẹ̀ níbí ni mo bí wọn sí. Wọ́n ti tọ̀dọ̀ mi di ọmọ Ìlú Ọba, wọ́n lè gbébẹ̀, wọ́n lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn náà bá bímọ sí Ifẹ̀, kò kan ọmọ wọn mọ́.

Bọ̀dá Mọ̀rẹ̀:
Ẹ rọra o. Tí ẹ bá bí wọn ṣáájú July 2006, wọ́n máa bi yín bóyá ẹ ti gbé ìyá wọn níyàwó. Ibẹ̀ ló ti há àbúrò mi lọ́rùn. Ó san owó orí, kò ní ìwé kankan. Ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ báyìí, òun ló padà gbà.

Ìyá Ìbejì Lágéré:
Ṣé ìdána kì í ṣe ìgbéyàwó mọ́ ni?

Bọ̀dá Mọ̀rẹ̀:
Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ìwé ni wọ́n ń bèèrè.

Ará Ìsọ̀kún:
London lẹ̀ ń sọ. Kumasi ni wọ́n bí ìyá mi àgbà sí, bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ níbẹ̀, òṣómàáló gidi láti Iléṣà. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Ghana ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá tó gbọ́ Twi ju Ìjẹ̀ṣà lọ, tí kò mọ ọ̀nà Iléṣà rí! Ọ̀pá yáàdì tó fi ń wọn aṣọ nìkan ló kù nínú ọjà rẹ̀. Ó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dì mú ń dán. Nígbà tí Ghana fi máa gbà kéèyàn jẹ́ ọmọ ìlú méjì, ìyá ti sùn.

Ọmọ Ọbòkun:
Òṣómàáló ní Ghana kẹ̀? Ilẹ̀ Hausa ni mo gbọ́ pé àwọn tiwa ń ná. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló kún Ghana.

Ará Ìsọ̀kún:
Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tí wọ́n bí ìyá mi sí fún mi ni?

Bọ̀dá Mọ̀rẹ̀:
Gbogbo ọjà ni Ìjẹ̀ṣà ná.

Àdùkẹ́ Ẹréjà:
Dublin, ní Ireland, ni mo bí ọmọ mi sí ní 2003. January 2005 ni wọ́n fòpin sí i pé kí ìbí nìkan máa sọ ọmọ di ọmọ ìlú wọn. Jámánì ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ló lè ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba lọ́la. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní páálí Ìlú Ọba ò lè tẹ̀lé e lọ sí Jámánì bẹ́ẹ̀ láti 2021, torí Ìlú Ọba ti jáde nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù (EU).

Ìyá Ìbejì Lágéré:
Wọn ò ní gba ti Nàìjíríà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àdùkẹ́ Ẹréjà:
Rárá. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà látìbí ò lè pàdánù rẹ̀ torí pé ó gba òmíràn, ó wà nínú òfin 1999. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí páálí Nàìjíríà rẹ̀ kú o. Ti ọmọ mi kú, wọ́n dá a dúró fún wákàtí mẹ́ta ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ń bi í léèrè físà láti wọ ìlú bàbá rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìlódè:
Háà. Tèmi ti kú láti ọdún tó kọjá.

Ọmọ Ọbòkun:
Ará Ìsọ̀kún, ẹ má bínú. Mò ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí n wá wo ọ̀pá náà.