Kí ló dé tí Swann fi dá kọ́kọ́rọ́ padà kí ó tó wọlé?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni yóò darí ìjíròrò lórí Dial M for Murder, fíìmù tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1954, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni n kò rí ojútùú sí. Nígbà tí Tony Wendice ti mọ̀ pé Margot ìyàwó òun ń fẹ́ Mark Halliday ní ìkọ̀kọ̀, kí ló dé tí kò kàn kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí ó fi lọ bẹ apànìyàn lọ́wẹ̀? Èkejì ni ti Swann, apànìyàn tí Tony bẹ̀ náà, ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn tán, tí ó sì tún fi kọ́kọ́rọ́ padà sí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtẹ̀gùn kí ó tó wọlé. Ta ló ń lọ pààyàn tí yóò ráyè irú ètò bẹ́ẹ̀? Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀?

Ìdáhùn kìíní:
Ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ti owú. Tony ti fi tẹ́níìsì sílẹ̀, owó ìyàwó rẹ̀ ló sì ń jẹ. Bí wọ́n bá kọ ara wọn sílẹ̀, owó lọ nìyẹn. Bí Margot bá kú, òun ni yóò jogún rẹ̀. Ẹni tí owú ń pa kì í jí lẹ́tà àlè ìyàwó rẹ̀, kí ó fi ìwé aláìlórúkọ halẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì tún jókòó máa pète fún ìgbà pípẹ́.

Ìdáhùn kejì:
Mo fara mọ́ ìyẹn. Ní ti Swann, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé nítorí £1,000 tí Tony fẹ́ san fún un nìkan ni. Ẹ wo ibi tí Tony ti jẹ́ kí lẹ́tà náà já bọ́, tí Swann sì bá a ṣà á nílẹ̀, tí ìtẹ̀ka rẹ̀ fi wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Tony ń fi áńkáṣífì nu gbogbo ibi tí òun fọwọ́ kàn, bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ kí ó tó gbà. Ní ti kọ́kọ́rọ́, olè tí ó mọṣẹ́ ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀: kò nílò rẹ̀ mọ́ láti jáde, bí ohun gbogbo bá sì dàrú, kò ní dúró lórí àtẹ̀gùn láti máa wá ibi tí yóò fi í sí. Tony gan-an ni n kò gbà gbọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò òkú, ó jù ú sínú báàgì ìyàwó rẹ̀, kò sì fi dán ilẹ̀kùn wò! Kọ́kọ́rọ́ ilé Swann fúnra rẹ̀ ni.

Ìdáhùn kẹta:
Ìwà Tony gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ó ti là á sílẹ̀ fún Swann pé ìgbà tí ó bá ń jáde ni kí ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kò sì sí lọ́kàn rẹ̀ pé ẹlòmíràn lè lo làákàyè tirẹ̀. Mark, tí ó ń kọ ìtàn ọ̀daràn, ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé nínú ìwé ni gbogbo nǹkan ti ń rí bí òǹkọ̀wé bá ṣe fẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, aago Tony ti dúró, ó pẹ́ kó tó tẹ fóònù tí yóò fi fa Margot wá síbi tí Swann ti ń dúró dè é, Margot sì ti fi sísọ́ọ̀sì gún Swann pa. Ibi lẹ́tà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tẹ̀lé e.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo gba ti Swann. Àmọ́ ẹni tí ó rántí nu ìtẹ̀ka kúrò lára àga kò yẹ kó gbàgbé láti dán kọ́kọ́rọ́ wò, nítorí náà n óò fi ti Tony sílẹ̀ kí wọ́n jà á.