Àbọ̀ ìrìn ọkọ̀ ojú omi wa sí Cinque Terre

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kí n wá jábọ̀. Ẹ rántí pé mo béèrè bóyá ọkọ̀ ńlá ni kí èmi àtìyàwó mi wọ̀ lọ sí Cinque Terre, ìyẹn abúlé márùn-ún tó wà létí òkun ní Ítálì, àbí kékeré tó ń gba èèyàn mẹ́wàá, torí òòyì máa ń kọ́ mi lójú omi.

Kékeré la mú. La Spezia la ti gbéra, a gba iwájú Portovenere, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro dúró lórí àpáta bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sómi. Lẹ́yìn náà làwọn abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: Riomaggiore, Manarola, Corniglia, Vernazza, Monterosso. Ọkọ̀ kì í dúró ní Corniglia. Òkè téńté ló wà, kò ní èbúté.

Ọgbà àjàrà ló gbà mí lọ́kàn jù. Wọ́n gé ara òkè bí àtẹ̀gùn, wọ́n fi òkúta lásán mọ ògiri rẹ̀, kò sí sìmẹ́ǹtì kankan. Awakọ̀ wa pa ẹ́ńjìnnì kí a lè wò ó dáadáa.

Ní Monterosso, wọ́n gbé ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún lẹ́mọ́ọ̀nù lé lórí wá. Kò láta rárá, àmọ́ mo pọ́n àwo lá.

Ẹni tó ní kí n máa jẹ atalẹ̀, ẹ ṣé gan-an. Nǹkan kan ò ṣe mí. Ìyàwó mi tó ń fi mí rẹ́rìn-ín ló bì nígbà tá à ń padà bọ̀.

Mo ti rí ìdáhùn mi o, ẹ má ṣèyọnu mọ́.