Ilé 23 nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa: báwo ni a ó ṣe mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bàjẹ́ tó, àti iye tí àtúnṣe rẹ̀ yóò gbà?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, mo kí yín, ẹ kú làálàá. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà tí yóò yẹ gbogbo ilé inú ọgbà wò, tí yóò sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bàjẹ́ tó, tí yóò sì kọ iye owó tí a nílò láti tún un ṣe. Ilé 23 ni gbogbo wọn. Èyí tó pẹ́ jù lọ ti wà láti 1974. Èyí tí wọ́n kọ́ kẹ́yìn kò tíì pé ọdún márùn-ún, síbẹ̀ òun ni òrùlé rẹ̀ ń jò jù.

A ti rìn yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú bébà àti bírò, a sì ní kí oníkálùkù kọ “ó dára”, “ó sàn díẹ̀” tàbí “kò dára” sí iwájú orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a kó bébà jọ, ojú tì wá. Ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ni ẹnì kan kọ “ó dára” sí nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà, tí ẹlòmíràn sì kọ “kò dára” sí nítorí pé ó gbójú sókè wo àjà. Ti owó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. A pe agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta kí wọ́n wá dá iye lé òrùlé gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Iye tí ọ̀kan mú wá ju ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn gùn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe lè ní òṣùwọ̀n kan tí ẹni méjì yóò fi wo ilé kan tí ohùn wọn yóò sì ṣọ̀kan, àti bí a ṣe lè kọ iye owó tí bọ́sà, ẹni tó ń bójú tó owó ilé-ẹ̀kọ́ wa, kò ní fi wá rẹ́rìn-ín. Mo sì tún fẹ́ mọ ìgbà tó tọ́ kí a sọ pé kí wọ́n wó ilé kan dípò kí a tún un ṣe, nítorí pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ti ń pe katapílà.

Oníṣirò Ilé fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Iṣẹ́ QS, ìyẹn ṣíṣírò iye tí ilé kíkọ́ ń gbà, ni mo ń ṣe, mo sì ti bá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. Ibi tí ẹ ti ṣìnà ni pé ẹ fi máàkì kan ṣoṣo fún odindi ilé. Ilé kì í bàjẹ́ lódindi lẹ́ẹ̀kan náà; òrùlé ní ọjọ́ orí tirẹ̀, wáyà iná ní tirẹ̀, páìpù omi ní tirẹ̀. Ẹ pín ilé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yà: ìpìlẹ̀, òpó àti dẹ́kìn, ògiri, òrùlé, àjà, ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ilẹ̀ ilé, omi àti ilé ìyàgbẹ́, iná mànàmáná, àti gọ́tà tó yí ilé ká. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó fi lẹ́tà fún. Bí wọ́n ti ń ṣe é fún ilé-ẹ̀kọ́ ní England, A ni èyí tó dára tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, B ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí àléébù rẹ̀ kò tó nǹkan, C ni èyí tí àléébù ńlá wà lára rẹ̀ tàbí tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, D sì ni èyí tó ti kọṣẹ́ tàbí tó lè ṣeni léṣe nígbàkígbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà náà ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà kan sí, láti 1 dé 4, tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti kánjú tó: 1 ni èyí tí a gbọ́dọ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀, 2 ni èyí tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí ọdún méjì tó pé, 3 ni èyí tó lè dúró di ọdún márùn-ún, 4 sì ni èyí tó lè kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe da lẹ́tà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà. Ilẹ̀ ọ́fíìsì tí táìlì rẹ̀ ti fọ́ káàkiri lè gba C kí ó sì gba 4, nítorí pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Wáyà kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ ti ṣí ní ilé ìwẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ ilé tó gba B nínú ohun gbogbo di 1. Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni méjì sì kọ́kọ́ lọ yẹ ilé kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí ohùn wọn kò bá ti dọ́gba, àlàyé tí ẹ kọ ni kò ṣe kedere. Ẹ tún un kọ.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ iye owó gbogbo àtúnṣe tó ti yẹ kí a ṣe tí a kò ṣe, ẹ fi iye tí yóò gbà láti kọ́ irú ilé náà ní owó òní pín in. Òṣùwọ̀n tí a ń pè ní FCI (Facility Condition Index) nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó owó yunifásítì ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1991. Bí ohun tó jáde kò bá ju 5 nínú 100 lọ, ilé náà wà dáadáa; láti 5 dé 10, ó wà láàrin; bí ó bá ti ju 10 lọ, ara rẹ̀ kò yá. Ká ní ilé ìbùgbé kan yóò gba ₦800 mílíọ̀nù láti kọ́ lónìí, tí àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ ₦96 mílíọ̀nù: 12 ni FCI rẹ̀. Ká tún ní ilé ọ́fíìsì kékeré kan yóò gba ₦60 mílíọ̀nù láti kọ́, tí àtúnṣe tirẹ̀ jẹ́ ₦15 mílíọ̀nù: 25 ni tirẹ̀. Ilé ìbùgbé ni owó rẹ̀ pọ̀, ọ́fíìsì ni àìsàn rẹ̀ wúwo jù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún iye tí ẹ ó fi pín o. Bí ẹ bá lo iye tí wọ́n fi kọ́ ilé ní 1974, gbogbo ilé yín ni yóò dà bí òkú.

Ohun kan ṣì wà tí bọ́sà gbọ́dọ̀ rí. Ní 1990, ìgbìmọ̀ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí a máa ya 2 sí 4 nínú 100 iye tí gbogbo ilé yóò gbà láti tún kọ́ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú wọn. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn fún ọgbà yín, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹ̀ka àtúnṣe yín ń rí gbà lọ́dún. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń gorí ara wọn láti ọdún dé ọdún tó fi di ẹrù tí wọ́n ní kí ẹ wá kà yìí.

Àgbà Wọ́ọ̀kìsì fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ Oníṣirò dára, ṣùgbọ́n kí a tó kọ lẹ́tà, ojú gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wò. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àtúnṣe ọgbà kan kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó ń ba ilé jẹ́ tó omi. Ẹ tẹ̀ lé omi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú páìpù tó ń gbé omi òjò wá sílẹ̀, ẹ bá a dé gọ́tà, kí ẹ sì wo ibi tí gọ́tà náà ń da omi sí, nítorí pé mo ti rí gọ́tà tí ó ń da gbogbo omi rẹ̀ sí ìdí ìpìlẹ̀ ilé kejì. Ẹ má sì ṣe lọ yẹ ilé wò ní àkókò ọyẹ́. Oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ lọ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́jú, kí àbàwọ́n ara ògiri tó gbẹ.

Ilé kan wà tí a rẹ́ ògiri rẹ̀, tí a sì kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ọdún márùn-ún. Agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gba owó iṣẹ́ yẹn. Páìpù omi òjò tí wọ́n rì mọ́ inú òpó nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ló ti là, tó sì ń da omi sínú ògiri láti òkè. Bírikìlà kan tó wá ṣe iṣẹ́ mìíràn ló gbọ́ ohùn omi nínú òpó. Nítorí náà, níbi tí ẹ bá kọ “ògiri rin” sí, ẹ kọ ibi tí omi náà ti wá síwájú rẹ̀, kí ẹ sì dá iye lé orísun náà pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má tíì dá iye lé ọ̀dà.

Ní ti ibi tí ògiri ti sán, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lára ìrẹ́lé kì í sábà jẹ́ nǹkan bàbàrà. Èyí tí ẹ ó ṣọ́ ni èyí tó fi ìdábùú gba igun fèrèsé lọ sókè, tí kádì ATM sì lè wọ inú rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ìparí rẹ̀ lápá méjèèjì, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀, kí ẹ sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ó bá ti kọjá àmì, ilé náà ń rìn, iṣẹ́ ẹnjiníà sì nìyẹn. Lábẹ́ dẹ́kìn àti lára òpó, ẹ fi òòlù kékeré kan án jẹ́jẹ́: kọnkéré tó ṣì le dáadáa a máa dún bí ohun tó le, èyí tó ti ṣí kúrò lára irin a máa dún bí àgbá òfìfo. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, ó sì máa ń ti kọnkéré jábọ́ fúnra rẹ̀. Fífi sìmẹ́ńtì dí ojú rẹ̀ láìkọ́kọ́ ha ìpẹtà náà kúrò, owó ìjọba ni a ń sìn sílẹ̀.

Fún igi òrùlé, ẹ gba tọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ inú àjà, kí ẹ fi skrudráífà gún igi wò. Ibi tí ikán ti jẹ, yóò wọlé bí ìgbà tí a gún ẹ̀kọ. Tí òrùlé ilé ti 1974 yẹn bá jẹ́ asbẹ́stọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé e tàbí kí ó fọ́ ọ, nítorí pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àrùn rẹ̀ sì lè má farahàn títí di ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dá iye ṣíṣí i kúrò àti sísin ín sọ́tọ̀.

Ẹ sì bá àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìbùgbé sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà wo àti yàrá tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gbéná.

Ayàwòrán fèsì pé:

Mo fẹ́ ta ko Oníṣirò níbì kan, lórí ọ̀rọ̀ katapílà tí Akọ̀wé mẹ́nu bà. FCI kò mọ irú ilé tó ń díwọ̀n. Maxwell Fry àti Jane Drew ló yàwòrán ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1948, ẹni tó bá sì ti wo ara ilé-ìkàwé Kenneth Dike níbẹ̀ yóò rí i bí ògiri oníhò rẹ̀ ṣe ń dí oòrùn lọ́wọ́ tí ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Ní ọgbà yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, Arieh Sharon ya àwọn ilé kan tí òkè wọn yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé àjà òkè ló ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òjò àti oòrùn. Bí a bá fi iye ilé búlọ́ọ̀kù lásán tó ní páànù lórí pín owó àtúnṣe irú ilé wọ̀nyí, FCI wọn yóò ga gidigidi, ẹnìkan yóò sì sọ pé kí a wó wọn. Iye ilé tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà láìgbára lé iná mànàmáná ló yẹ kí a fi pín in.

Ìdí kan náà ni mo fi ń bẹ̀rù àwọn àtúnṣe kan ju ìbàjẹ́ lọ. Wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù dí ihò atẹ́gùn, wọ́n á wá gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá kọ̀ọ̀kan, omi ẹ̀rọ yẹn á máa kán sára ògiri, owó iná àti dísẹ́ẹ̀lì á sì di gbèsè tí kò lópin. Ẹ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé yín bí àbùkù. Ní ti wíwó, ìgbà tí ẹnjiníà bá ti fi ọwọ́ sí i pé ìpìlẹ̀ tàbí òpó ilé jẹ́ D ni kí ẹ tó sọ ọ́. Ilé ìyàgbẹ́ tó ń rùn àti òrùlé tó ń jò kì í ṣe ẹ̀sùn tó tó ìdájọ́ ikú.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti rí i pé ìgbìmọ̀ wa ń sáré ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Oníṣirò kò tíì dá mi lóhùn nípa iye mẹ́ta tó jìnnà síra wọn yẹn, ọ̀gá àgbà wa sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ni òun fẹ́ rí.

Oníṣirò Ilé fèsì pé:

Ayàwòrán, mo gba ti yín lórí iye tí a ó fi pín in.

Akọ̀wé, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn agbaṣẹ́ṣe yẹn dá iye lé. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ka páànù nìkan, kí èkejì ka igi mọ́ ọn, kí ẹ̀kẹta sì ka àjà àti wáyà iná. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọn òrùlé náà, kí ẹ kọ iye mítà onígun mẹ́rin, iye igi àti irú páànù, pẹ̀lú nínípọn rẹ̀, sínú ìwé kan, kí ẹ fún gbogbo wọn ní ìwé kan náà láti kọ iye sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwọn ohun tí a sábà ń gbàgbé kún un: àkàbà àti pẹpẹ tí òṣìṣẹ́ yóò gùn, kíkó àwókù kúrò, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa sùn nígbà iṣẹ́, owó orí VAT tó jẹ́ 7.5 nínú 100, àti 10 sí 15 nínú 100 fún ohun tí a kò lè rí títí a ó fi ṣí òrùlé.

Kọ déètì sí iye kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní ọjà ni iye sìmẹ́ńtì, irin àti páànù ti ń yí padà débi pé ìwé iye tó ti pé oṣù mẹ́fà kò yẹ ní gbígbẹ́kẹ̀lé mọ́. Ní ti ọ̀gá yín, ẹ fún un ní nọ́ńbà kan tó fẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n kí ẹ pín in sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 1, 2, 3 àti 4, kí ó lè rí i pé tí gbogbo owó kò bá jáde, ti 1 kò ṣeé sún síwájú. Ẹ sì rán an létí pé pípèsè àti títọ́jú ilé ni òfin TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́, ti 2011 dárúkọ papọ̀. Kò pọn dandan kí ilé-ẹ̀kọ́ máa béèrè owó ilé tuntun nìkan.

Àgbà Wọ́ọ̀kìsì fèsì pé:

Ọ̀kan kù tí mo gbàgbé. Ẹ mú àkàbà tiyín dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò rí ọjọ́ kan tí ìgbìmọ̀ dé tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó lọ sí orí òrùlé wà nílé.