Ilé àtijọ́ wa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ: ṣé kí n sanwó àyẹ̀wò afẹ́fẹ́?

Ìyá Àyọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó lọ da owó sómi.

Ilé tí à ń gbé yìí ti lé ní ọdún 60. Ògiri rẹ̀ nípọn, àjà rẹ̀ ga, a sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọdún kejì rèé tí a pààrọ̀ gbogbo fèrèsé sí irú èyí tó ń dé pinpin. Àtìgbà yẹn ni òórùn kan ti wọ yàrá ẹ̀yìn, àfi bí aṣọ tí wọ́n ká sí àpótí láìgbẹ. Bí ẹ bá tilẹ̀kùn yàrá náà fún ọjọ́ méjì, òórùn yẹn ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri. Kí ni mo rí? Àmì dúdú tótòtó, bíi pé ẹnì kan ki ìka bọ yíǹkì tó wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, láti ilẹ̀ títí dé orúnkún mi. Èbu ni, ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní mold. Mo nù ún, ó lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti padà.

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 6, ló ń sùn níbẹ̀. Ó máa ń wúkọ́ lóru. Bó bá sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ikọ́ náà á rọlẹ̀.

Mo pe ilé iṣẹ́ kan. Ẹni tí wọ́n rán wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri, kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní “èbu dúdú tó ń pani” ni. Ó ní àwọn máa gba afẹ́fẹ́ ní yàrá mẹ́fà, àwọn á tún yẹ DNA inú eruku wò, tí èsì bá sì jáde, àwọn náà làwọn máa wá fín oògùn sí gbogbo ilé. Owó tó dá lé e ju owó fèrèsé wa lọ. Ọkọ mi ní tèmi ti pọ̀ jù, pé kí n da bílíìṣì sí i, kí n kun ọ̀dà lé e lórí, ó parí. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Tóyìn

Ẹ má kùn ún o! A kun tiwa. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀dà náà fi bó sílẹ̀ bí awọ ejò, èbu sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wò wá.

Ayẹléwò

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ lè bí àwọn ẹgbẹ́ mi nínú.

Ohun tí ojú yín ti rí, kí lẹ tún fẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín rí? EPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ gbangba pé bí èbu bá ti hàn sójú, lọ́pọ̀ ìgbà kò sídìí láti gba afẹ́fẹ́ lọ síbì kankan. Kò sì sí òṣùwọ̀n tí wọ́n máa fi ṣèdájọ́ èsì náà. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi iye kan lélẹ̀ pé bí hóró èbu (wóró tíntìntín tó fi ń tàn kálẹ̀ nínú afẹ́fẹ́) bá ti kọjá báyìí, ilé ti di eléwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde ní 2009 lórí ọ̀rinrin àti èbu, àwọn náà ò dá iye kankan. Ohun tí wọ́n ní kí àwọn onílé ṣe ni pé kí wọ́n má fàyè gba ọ̀rinrin. Ara wa ò kúkú dọ́gba: ohun tó ń mú ẹnì kan sín mọ́jú, ẹlòmíràn á sùn tì í, á máa hanrun.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á nìyí. Ẹ̀rọ kékeré kan á máa fa afẹ́fẹ́, lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 5. Lítà 75 náà nìyẹn. Eruku inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ gíláàsì tó ní gọ́ọ̀mù lára, ẹnì kan á wá fi màíkírósíkóòpù ka àwọn hóró náà ní láàbù. Ìṣẹ́jú 5, nínú ilé tó ti lo ọdún 60! Bí ẹ bá gbálẹ̀ láàárọ̀ yẹn, iye á fò sókè. Bí ẹ bá ṣí fèrèsé, á tún yí padà. Hóró èbu ò sì sí níbi tí kò sí, nínú ilé àti níta, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ ìta lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí kò bá gba ti ìta, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ti inú ilé wé.

Ní ti “èbu tó ń pani” tó fi dẹ́rù bà yín, àwọ̀ kì í sọ orúkọ èbu. Èyí tí wọ́n sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, Stachybotrys, ń fẹ́ kí nǹkan rin gbingbin fún ìgbà pípẹ́. Hóró rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra nígbà tó bá ṣì tutù, tó fi jẹ́ pé ó lè kún ẹ̀yìn ògiri bámúbámú kí afẹ́fẹ́ inú yàrá má gbé ẹyọ kan. Ìwé láàbù á ní kò sí, ògiri á ní mo wà níbí. Àyẹ̀wò DNA eruku yẹn, ERMI là ń pè é. EPA fúnra wọn ló ṣe é, oríṣi èbu 36 ló ń wá, àmọ́ iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Wọn ò ní kí a máa gbé e kiri ilé onílé.

Mi ò ní àyẹ̀wò ò wúlò rárá o. Bí òórùn bá wà tí ẹ wá ìdí rẹ̀ tì, ó lè tọ́ wa sọ́nà. Bí ẹjọ́ bá wà láàárín onílé àti ayálégbé, ìwé á sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún ilé ṣe, a lè fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà mọ́. Ó kàn jẹ́ pé ìbéèrè ni kó ṣáájú, kì í ṣe pọ́m̀pù.

Ẹni tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín léèrè: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, omi ti ya wọ̀ ọ́ rí, kí lẹ yí padà? Á gun òkè àjà, á yí ìta ilé po, á wo gọ́tà. Á fi ẹ̀rọ tó ń wọn omi gún igi tó yí ẹsẹ̀ ògiri ká. Bí ó bá ti lé ní 20%, igi yẹn ti ń mu omi láti ibì kan. (Lórí ògiri fúnra rẹ̀, iye tí ẹ̀rọ yẹn bá gbé jáde kì í ṣe ti gidi, à kàn ń fi ibi gbígbẹ wé ibi tútù ni.) Èyí gan-an ni iṣẹ́, ó sì máa ń gba wákàtí méjì.

Èyí tó burú jù nínú ohun tí ẹ sọ ni pé ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò náà ló fẹ́ fọ̀ ọ́. Ní Texas àti New York, òfin ò gba ilé iṣẹ́ kan láyè láti ṣe méjèèjì lórí iṣẹ́ kan náà. Ibi tí òfin ò bá sí, ẹ fúnra yín ni kí ẹ ṣòfin.

Ìyá Àyọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Hà, tọ́ọ̀ṣì nìkan ni tèmi mú wá! Ṣé kí n wá máa dá a fọ̀ ni?

Ayẹléwò

Bí ibi tó bu kò bá ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú àti 3 lóòró lọ, EPA ní onílé lè fọ̀ ọ́. Omi àti ọṣẹ ti tó. Ẹ lo ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú N95, kí ẹ sì jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ dáadáa. Bílíìṣì ò pọn dandan, torí èbu tó kú náà ṣì ń mú èèyàn sín. Ohun tó ń fa omi mu, bíi kápẹ́ẹ̀tì, bó bá ti bu, ẹ gbé e jù nù. Àmọ́ bí ẹ ò bá tíì rí ibi tí omi ń gbà wá, ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Bàbá Bíríkìlà

Ìyá Àyọ̀, bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Èbu tó dúró sí orúnkún, tí kò gun òkè, tí kò sí lórí àjà, ó ní ohun tó ń sọ.

Ọ̀nà méjì ló ṣeé ṣe kí omi gbà débẹ̀. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń sun omi sára ògiri tútù lẹ́yìn wọ́dúróòbù, níbi tí atẹ́gùn ò dé. Fèrèsé àtijọ́ yẹn, ihò rẹ̀ ló ń bá yín mí tẹ́lẹ̀. Ẹ ti dí i. Ó sì lè jẹ́ pé láti inú ilẹ̀ tàbí láti ìta ni ògiri ti ń mu ún. Ẹ gé bébà fóìlì kan, ẹ fi téèpù lẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ibẹ̀ pinpin, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí omi bá wà lójú fóìlì tó kọjú sí yàrá, afẹ́fẹ́ inú ilé ni. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ògiri ló ń làágùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ síta, ẹ dúró sẹ́yìn ògiri yẹn gan-an. Ilẹ̀ ìta kò gbọdọ̀ ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ jọ síbẹ̀ fún ogún ọdún, tí wọ́n wá ń bá èbu jà nínú yàrá.

Ohun kan tún kù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa ha ọ̀dà tàbí kó máa gbẹ́ àjà ní ilé tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Òjé (lead) wà nínú ọ̀dà ayé àtijọ́. 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin dè é fún inú ilé. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì (òkúta oní-fọ́nrán tí wọ́n ń lò fún ilé kíkọ́) náà wà nínú àjà àti táìlì ìgbà yẹn, 1999 ni Bìrìtìkó tó fòpin sí i pátápátá. Eruku àwọn yẹn léwu ju èbu tí ẹ ń sá fún lọ. Àyẹ̀wò tiwọn ni ẹ lè náwó sí.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ gbé ọmọ kúrò ní yàrá yẹn lálẹ́ òní. Kò dìgbà tí a bá mọ orúkọ èbu. Ilé tó ń rin máa ń bá ikọ́, mímí tó ń dún fìì-fìì àti ikọ́ fée (asthma) rìn pọ̀, pàápàá lára ọmọdé. Ẹ mú un lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé ikọ́ náà máa ń rọlẹ̀ bó bá sùn síbòmíràn. Ẹ má gbàgbé ìyẹn o, torí ó máa ran dókítà lọ́wọ́ ju ìwé láàbù lọ. Bílíìṣì tí ọkọ yín dárúkọ, bí ẹ bá máa lò ó fún ohunkóhun, ẹ má pò ó mọ́ ohun ìfọlé mìíràn tó ní amóníà.

Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ayẹléwò délẹ̀délẹ̀ ṣá. Òórùn ló jẹ́ kí Ìyá Àyọ̀ fura. Àwọn tí kò ní òórùn ńkọ́? Radon, gáàsì kan tí ojú ò lè rí, ń jáde láti inú ilẹ̀, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, imú ò sì mọ̀ ọ́n rárá. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ. Òun ní òṣùwọ̀n gidi: EPA ní kí wọ́n tún ilé ṣe bó bá ti tó 148 Bq (becquerel, ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán rẹ̀) nínú kúbìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 100. Carbon monoxide, gáàsì olóró láti ara ohun tó ń jóná nínú ilé, tún ń pani lójú oorun, ẹ ra aago tó ń ké bó bá wà níbẹ̀ kọ́. Fún àwọn yìí, owó àyẹ̀wò ò ṣòfò.

Ayẹléwò

Mo gbà, Nọ́ọ̀sì. Ẹ mú mi níbẹ̀.

Ìyá Àyọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Yàrá ẹ̀yìn jẹ́ 74% láàárọ̀, pálọ̀ 55%. Ẹni tí mo fi hàn ní kò yẹ kó kọjá 60%. Mo lẹ fóìlì gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, omi ló sàn láti ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ni mo bá pe ọkọ mi, a jọ bọ́ síta. Páìpù tó ń gbé omi gọ́tà wálẹ̀ ti já ní ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri wa ló ń da gbogbo òjò sí. Iyẹ̀pẹ̀ tí àwa fúnra wa kó síbẹ̀ láti gbin òdòdó (ẹ má rẹ́rìn-ín) ga ju ilẹ̀ yàrá lọ ní ìbú ọwọ́ kan.

A ti kó o kúrò, páìpù ti dé ibi tó yẹ. Mo wá ẹlòmíràn tí kì í fọ èbu, tó kàn ń yẹ ilé wò. Kò gba afẹ́fẹ́ kankan. Ó gún igi ẹsẹ̀ ògiri, ó jẹ́ 27%, ó kọ ojú ìwé méjì fún mi, ó sì fi ẹ̀rọ radon sílẹ̀ nítorí Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ti ń sùn lọ́dọ̀ wa, ikọ́ náà ti dín kù, dókítà ṣì ní ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Bàbá, ìgbà wo la lè tún ògiri náà rẹ́ ká sì kùn ún? Ara ọkọ mi ti ń yá gágá.

Bàbá Bíríkìlà

Ẹ ní kó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná. Ògiri tó ti mu omi yó, ohun tí àwa fi ń ṣírò ni oṣù kan fún íǹṣì kan. Báwo ni tiyín ṣe nípọn tó?

Ìyá Àyọ̀

Íǹṣì 9. Oṣù mẹ́sàn-án, Bàbá? Ṣé oyún ló ní ni?